Sí Ìyá Rọfíátù, Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Wọ́n ní o sunkún lálẹ́ àná,
o jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ìwé ọmọ lórí orúnkún,
o ní ta ló rán mi níṣẹ́ yìí.
Kò sẹ́ni tó rán ọ.
Kò sẹ́ni tó rán èmi náà.

Ọjọ́ kìn-ín-ní tèmi, ní Òkèlele níbí,
aago mẹ́jọ lù, àwọn ọmọ àdúgbò ń kọjá
nínú aṣọ búlúù, báàgì ń gbá wọn nídìí.
Sáádù mi dúró ti fèrèsé, ó ń kà wọ́n.
Ó ka mọ́kànlélógún.
Èmi kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún méjì ni wọ́n fi nà án nítorí b àti d.
Lẹ́tà méjì péré!
Ọ̀kan yọ ikùn sọ́tùn-ún, èkejì yọ ọ́ sósì,
ẹgba wà fún méjèèjì.
Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní kílẹ̀ tó mọ́,
mo ká aṣọ búlúù náà, mo tì í sábẹ́ àpótí.

Àwọn kan ní owó ilé ìwé ló wọ́n mi.
Àwọn kan ní mo fẹ́ fọmọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ni.
Àbúrò ọkọ mi bi mí níbi ìsọmọlórúkọ, lójú gbogbo èèyàn:
"Ìyàwó wa, ìwé mélòó ni ìwọ gan-an kà?"
Mo ní mẹ́fà ni,
mo ní keje ni èmi àtọmọ mi ń kà lọ́wọ́.
Inú ọkàn mi ni mo ti sọ ọ́, n ò ní purọ́ fún ọ.
Lójú agbo, mo kàn kó àwo nílẹ̀, mo wọlé.

Mo fi èédú kọ lẹ́tà sára ògiri ẹ̀yìnkùlé.
Òjò pa á rẹ́. Mo tún un kọ.
Ìyá Bàràkátù, tó ń mọ ìkòkò, yà wá bu omi,
ó wo ògiri títí, kò rẹ́rìn-ín.
Ó lọ, ó gbé amọ̀ tútù dé:
"Jẹ́ kó fi mọ ọ́n.
Ohun tọ́wọ́ bá mọ, ojú kì í ṣì í."
Sáádù mọ b, ó mọ d,
ó fi ìka yí ikùn wọn po, ó sá wọn sóòrùn.
Nígbà tó di ọ̀sán, ó sáré wọlé tomijé tomijé:
"Ìyá, d ti là!"
Mo jáde lọ wò ó.
d ni lóòótọ́.

Bá a ṣe di ilé mẹ́rin nìyẹn.
Bàbá Jìmọ́, tó fọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà kiri Ọ̀fà,
ló ń kọ́ wọn ní lẹ́tà kíkọ,
bí kọ́mà kan bá sọ nù, kò ní jẹun ọ̀sán.
Oníwàrà tó ń ti Oko-Olówó bọ̀ kò mọ̀ pé tísà lòun,
àwọn ọmọ ní ń bá a ṣírò ṣéńjì,
ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ oníbàárà tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń dáa.
Mo ti pariwo mọ́ Sáádù rí
tó jẹ́ pé ohùn tísà tó nà án ló tẹnu mi jáde.
Mo dákẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́.
Bẹ ọmọ rẹ bó bá kàn ọ́, kò ní dín ọ kù.
Má ra gbogbo ìwé tí wọ́n bá ní o rà.
Bí Rọfíátù bá sì bi ọ́ lóhun tó ò mọ̀,
sọ pé o ò mọ̀,
kẹ́ ẹ jọ wọ bàtà, kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọ̀ lọ.

Tọ́sìdé, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹ máa bọ̀.
Ilé wa ló nílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé
lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò.
Èéfín a máa bo ọ̀nà nígbà mìíràn. Má padà.
Mú ẹní dání,
tiwa ti ya.