Etí Ìyá-Iyọ̀

Ní Oulu, yìnyín bo fèrèsé.
Tuulikki tẹ́ bébà òrìṣà rẹ̀ sórí tábìlì:
Ìyá-Iyọ̀, tí í wo ọgbẹ́ sàn.
Àná ni wọ́n fi pẹ́ńsù yà á,
wọn ò tíì ya etí fún un.

Ilmari àbúrò rẹ̀ ti kú sẹ́nu dírágónì
(nínú eré ni o),
ó ń jẹ bísíkíìtì, ó ń dúró de àjíǹde.

Obìnrin tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́
látọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá wọn
dìde, ó gbàdúrà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ó ju dáìsì olójú ogún.
Ẹ̀ta.

Ó mọ ìdákẹ́ yẹn,
ó ti gbọ́ ọ rí ní ọsibítù.

Ilmari ti pẹ́ńsù sí i:
"Kọ́kọ́ ya etí fún un."