Kẹ́ẹ̀gì Omi Bàbá Mi

Ìbọn tí ìjọba fún mi, ike ni.
Bàbá mi gbà á, ó fi èékánná kàn án lára,
ó ní, "Ìbíwùmí, ṣé abọ́ ìfọṣọ ni wọ́n yọ́ fi ṣe eléyìí?"
Ọkùnrin tí ó fi àádọ́ta ọdún rọ ṣakabùlà ní Ìlawẹ̀,
tí ń pe iyán ní uyán, tí ń pe ilé ní ulé,
tí òórùn ẹ̀tù kì í kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Ó wá òòlù lẹ́yìn ìbọn, kò rí.
Mo ní abẹ́rẹ́ kan ló wà nínú, sípírìn ló ń tì í,
ó ba bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku.
Ó ní, "Ohun tí kò jẹ́ kí á rí orí òun,
báwo la ṣe máa mọ ìgbà tó bá bínú?"

Mo yọ ọta. Mo yẹ inú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì,
òun náà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kẹta.
Ó kọ ẹnu ìbọn sókè àjà,
ó fi okùn so kẹ́ẹ̀gì kékeré mọ́ ìfà rẹ̀,
kẹ́ẹ̀gì tí ìyá mi fi ń ra epo nígbà ayé rẹ̀,
ó wá ń fi ife rọ omi sí i.

Ife kan. Ìfà yẹ̀ díẹ̀, ìrìn òfìfo,
bí ẹsẹ̀ àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Ife mẹ́ta. Ó kan ògiri, ó dúró.
Ife mẹ́rin, márùn-ún. A kò mí.
Ó ń ha gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀
bí ìgbà tí eyín bá bá yanrìn pàdé nínú ẹ̀wà.
Ife keje kò tíì dà tán tó fi ké: kẹ́!
Ewúrẹ́ ẹnu ọ̀nà la ojú kan, ó tún pa á dé.

"Kílò méjì àbọ̀, ó lé díẹ̀," bàbá mi wí.
"Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka tútù ló ń dá,
kò dá pọ́kán bí igi gbígbẹ.
Bí o bá fẹ́, n ó fi òkúta ìpọ́nbẹ rà á lára,
ife mẹ́ta péré ni yóò máa gbà."

N kò dáhùn. Kọ́pùrà Fápọ̀hùndà ni mo rántí.
Òun ti gbé tirẹ̀ lọ fún ẹnìkan ní Àkúrẹ́,
ó ní ó ti wá dẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun.
Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, lọ́nà Ìtawúrẹ́,
ó ní kí ọlọ́kadà kan dúró.
Ọlọ́kadà dúró.
Fápọ̀hùndà sín.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sín.
Kòkó ń dà láti inú àpò sójú títì títí ilẹ̀ fi mọ́;
ẹni tó gbé e kò kú,
ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan mọ́.
Ọ̀gá Fápọ̀hùndà wà ní ọ́fíìsì báyìí,
ó ń kọ orúkọ àwọn tó sọ káàdì wọn nù.
Tí ikọ́ bá gbé e, gbogbo wa là ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Mo sọ èyí fún bàbá mi.
Ó tú okùn, ó da omi sídìí ewúro,
ó fọ ife, ó dà á dé.
Ó ní, "Jẹ́ kó wúwo nígbà náà."

Ní pápá ìdánrawò lẹ́yìn Ìkẹ̀rẹ́,
níbi tí òkúta ti ń dá ìró padà fúnni,
ife ni mo máa ń kà lọ́kàn mi.
Olùkọ́ wa ní kí n yára.
Mo máa ń dúró díẹ̀ níbi ògiri náà,
torí láti ibẹ̀ èèyàn ṣì lè padà sílé.

Lánàá, alùpùpù kan yọ lọ́nà Ìtawúrẹ́, kò tan iná.
Mo fa ìbọn yọ. Ìka mi sùn sí ẹ̀gbẹ́ ike,
kò wọ inú ìfà. Ife kankan kò sí nínú kẹ́ẹ̀gì.
Obìnrin kan ni, iṣu márùn-ún ló dè sẹ́yìn.
Ó ní gílóòbù ọkọ̀ òun ló jó.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀nà fún un
títí ó fi gba kọ́nà.