Wáyà Ọwọ́ Korobá

Ọwọ́ korobá àtijọ́ ni, kì í ṣe wúrà.
Ìyá ọkọ mi, Kasílídà, fi ẹmú gé e sí méjì,
ó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìgúnpá:
apá kan gùn, ìkejì kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.
"Dì í mú," ó ní, "bí ẹni di òròmọdìẹ mú.
Bí o bá fún un jù, ó kú.
Bí o bá dẹwọ́ jù, ó bọ́."

Oṣù kẹjọ nìyí ní Ẹsitiremadúrà.
Ilẹ̀ ti la ẹnu, kò rí ẹni bu omi sí i.
Igi ólífì ká ewé rẹ̀ kò bí ahun ṣe ń ká owó.
Àgùntàn mẹ́tàdínlógójì dúró sábẹ́ òjìji kan ṣoṣo,
wọ́n forí korí bí ẹni ń pète.

Ìgúnpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Ọrùn-ọwọ́ kó rọ̀.
Ṣóńṣó wáyà kó rẹlẹ̀ díẹ̀,
díẹ̀ péré, bí orí arúgbó tí oorun ń wá mú.
Má tẹjú mọ́ ọn. Má sì gbójú kúrò.
Rìn bí ẹni tí kò wá nǹkan kan.

Mo rìn. Ẹ̀gún wọ bàtà mi.
Mo kọjá ògiri òkúta, mo kọjá egungun ajá,
kò sí nǹkan.
Ọbẹ̀ alẹ́ ni mò ń rò nígbà tí wáyà méjèèjì
yíjú síra wọn, jẹ́jẹ́,
bí tọkọtaya tó bínú sùn
tí ẹsẹ̀ ọ̀kan ṣèèṣì kan èkejì lóru.

"Ìyá, ṣé omi ló fà á, àbí ọwọ́ mi ló gbọ̀n?"
Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé.
"Kí ló wà nínú ọwọ́ rẹ bí kò ṣe omi?"

Ẹutímíò ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní afẹ́fẹ́ ni.
Síbẹ̀ òun náà ló gbé òkúta funfun wá,
tó gbé e kalẹ̀ síbẹ̀, tó tún un gbé,
kó lè wà láàárín gan-an.

Lọ́la ni àwọn agbẹ́kànga ń gbé ẹ̀rọ wọn bọ̀.
Mítà kan, owó. Mítà kejì, owó.
A ti ta àgùntàn méjìlá, a ti jà lórí rẹ̀.

Mo dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn,
ìka mi ṣì ká mọ́ òròmọdìẹ tí kò sí níbẹ̀.
N kò fún un. N kò dẹ ẹ́.
Ẹutímíò na ẹsẹ̀.