Èèpo Edé ní Sámárù

Ìyá mi ń bó edé létí omi ní Ayétòrò,
ó ń da èèpo sẹ́yìn láìwẹ̀yìn.
Adìyẹ ń ṣà á jẹ, omi ń gbé ìyókù lọ.
Kò sẹ́ni tó bi èèpo léèrè orúkọ.

Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo wá bá èèpo níbí,
ní Sámárù, lẹ́bàá Sáríà,
níbi tí òkun ti di ìtàn,
tí ọyẹ́ ń la ètè,
tí iyanrìn ń sùn sínú ìwé.
Àpò kan dé lálẹ́ Jímọ̀, láti òtẹ́ẹ̀lì kan ní Wúsè.
Awakọ̀ ní òun ò tún ní gbé irú ẹrù yìí mọ́ láyé,
pé imú ni gbogbo èrò dì mú dé Kàdúná.

Ládìdì bá mi rẹ ẹ́ sínú omi kíkan.
Ó hó ṣìì, ẹfun inú rẹ̀ di atẹ́gùn.
A fọ̀ ọ́, a sè é nínú sódà àwọn ọlọ́ṣẹ,
a tún sè é, iná kejì le ju tàkọ́kọ́ lọ.
Nẹ́pà mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì,
mo gbé ẹnì kan tí n kò mọ̀ ṣépè.
Nígbà tó gbẹ, a lọ̀ ọ́:
lẹ́búlẹ́bú, kò rùn mọ́.
Kítósánì, bẹ́ẹ̀ ni ìwé pè é.
Ládìdì fahọ́n kàn án: “Wàláhì, ó dà bí ẹni pé mo lá ògiri.”

Alágídí ni.
Bù ú sómi lásán, yóò jókòó sísàlẹ̀ bí àlejò tó ń bínú.
Kán fínígà sí i,
ó yọ́, ó ń fà bí ilá.
Dídi nǹkan mú niṣẹ́ rẹ̀.
A bu omi odò Kùbánnì sínú ife, pípọ́n bí ẹrẹ̀ ìmọlé,
mo kán díẹ̀ sí i, mo rò ó.
Ìdọ̀tí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wọn kiri,
wọ́n so mọ́ra, wọ́n wúwo, wọ́n rì.
Mo rí ìka ara mi ní òdìkejì ife.

Màlámù Hábù gbé tòmátì wá láti Kádáwà.
A ri agbọ̀n kan bọ̀ ọ́, a fi ìkejì sílẹ̀.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìkejì ti ń sunkún.
Kò yìn wá. Ó mú ọ̀kan nínú èyí tí a rì,
ó gé e jẹ, ó béèrè iye.

Ọjọ́ tí ìgò fọ́ mọ́ Ládìdì lọ́wọ́,
mo wọ́n ọn sójú ọgbẹ́:
ẹ̀jẹ̀ dúró,
bí ẹni tí a pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn.
(Mo ti kọ́kọ́ bi í bóyá edé ń yún un lára.)

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.
Ta ló ti bi í léèrè ohun tó fi ń ṣọ́ra?
Aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn tata
tí ọmọkùnrin ẹnubodè wa ń dín tà,
òun náà ló wà lára olú tó hù lẹ́yìn òjò.

Ìyá mi pè lánàá, ó bèèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe.
Mo ní, “Èèpo edé ni, Màámi.”
Ó dákẹ́ títí.
“Gbogbo owó ilé ìwé yẹn?”
Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́ já bọ́ sómi.