Ilẹ̀kùn Tí Kì í Tì

Ẹ má bi mí ìdí tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi kì í fi tì.
Ẹ wò ó dáadáa: lókè, ó fara mọ́ àtẹ́rígbà,
nísàlẹ̀, ó yọ ikùn síta bí aboyún oṣù mẹ́jọ.
Èmi ni mo kàn án
lọ́dún tí mo rò pé mo ti mọṣẹ́.

Inú igbó ọba ló ti wá, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó,
níbi tí ọ̀dà títì ti parí.
Ọ̀gánwó ni, kì í ṣe mẹ́línà
tí ìjọba gbìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ọmọ iléèwé.
Ó dá dúró. Ọ̀bọ ti gùn ún rí, oyin ti ṣù mọ́ ọn rí.
Odùkọ̀yà gbé ẹ́ńjìnnì ayùn sí i nídìí láàárọ̀;
ó ní igi náà kọ́kọ́ kùn kó tó wó,
bí ẹni tó ń wá orúkọ tó fẹ́ pè.
Lọ́ọ̀rì gbé e wọ̀lú lóru, tòun ti ẹ̀wọ̀n lára,
àmì òòlù àwọn olùṣọ́gbó lójú rẹ̀
bí ilà tí wọ́n kọ fún àlejò.

Ní sọ́míìlì Àtìkorì ni wọ́n ti là á.
Pákó àkọ́kọ́ jáde, pupa bí ẹran tútù.
Mo fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi rin.
Omi ni,
omi tó ti mu kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Ọ̀gá mi, Ọ̀nàfowókàn, ní ká tò ó:
igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín pákó sí pákó, kí atẹ́gùn rọ́nà gbà,
ọ̀dà díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kó má baà sán,
páànù lórí, kí oòrùn má fi ìkánjú pa á.
"Ẹ̀ẹ̀rùn méjì," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko."
Ojú ń dùn ún, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìpẹru.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá.
Ìyá Awóṣìlé dé, owó ń bẹ lọ́wọ́,
ilé tuntun rẹ̀ ní Òkè-Àgbò ń retí ilẹ̀kùn.
Mo fìka lu pákó, ó dún bí ohun tó gbẹ.
Mo gbà á gbọ́.
Àbí owó ni mo gbà gbọ́?

Ọjọ́ tí mo fá a, háà!
Ìfági ń lọ bí abẹ onígbàjámọ̀ lórí ọmọ tuntun,
irun pupa ń ká kò, ó ń já lé mi lẹ́sẹ̀,
ìlà igi yọ bí odò tó dúró kí n lè wò ó.
Mo gbẹ́ ihò, mo ki ahọ́n bọ̀ ọ́,
n kò lo ìṣó kan ṣoṣo.
Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: ó dára.

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, ó sì rántí.
Igi kì í gbàgbé omi.
Ó wú, ó yí èjìká, ó fa ìdè tu.
Ìyá Awóṣìlé fi ọmọlanke gbé e padà,
kò bú mi, ó kàn fi í ti ògiri:
"Kafíńtà, ilẹ̀kùn rẹ fẹ́ padà sígbó."

Ọ̀gá dé láti Ìpẹru, ojú rẹ̀ ti ṣú.
Ó fi àtàǹpàkò wá ikùn ilẹ̀kùn náà kàn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.
Ó ní kí n yọ ti ṣọ́ọ̀bù, kí n gbé èyí síbẹ̀,
kí n máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé láràárọ̀.

Ó ti lọ báyìí.
Pákó tó gbẹ fún ọdún mẹ́fà ni mo fi kan pósí rẹ̀.
A dé e, ó bára mu rẹ́gí,
ìmọ́lẹ̀ kò rí ibi wọ̀.

Lánàá, ọmọ iṣẹ́ mi tuntun, Ṣẹ̀gilọlá,
gbé ìfági, ó ní òun lè fá ikùn ilẹ̀kùn yìí kó tì.
Mo ní kó fi í sílẹ̀.
Kò bèèrè ìdí.
Òjò ṣú lókè Ojówò;
ó ti sáré jáde, ó ń fa páànù bo àwọn pákó tuntun
kí n tó lanu.