Rìsíìtì fún Tharakan

Èmi ni mo ru fáìlì rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún,
èmi Velayudhan, akọ̀wé rẹ̀ ní kóòtù Alappuzha,
nítorí náà ẹ má ní kí n sọ ti fíìmù nìkan.
Àwọn oníròyìn ti sọ ìyẹn.
Wọ́n ka fíìmù rẹ̀ bí ẹni ń ka àgbọn tí ìjì já bọ́:
ó kú lójú sinimá nígbà mẹ́tàdínlógún,
ó dìde nígbà mẹ́tàdínlógún, ó béèrè tíì.

Ta ló rántí àtẹ̀gùn kóòtù lásìkò òjò,
tí omi ti gun òkúta kẹta,
tí Ittiyavira Tharakan ká ṣòkòtò dé orúnkún,
bàtà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé òfin lọ́wọ́ òsì,
ẹ̀wù dúdú rẹ̀ ń kán tótó
bíi kannakánná tí òjò pa?

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rí.
Ó máa ń bá adájọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun,
jẹ́jẹ́, kí ẹ̀rù má ba òtítọ́.
Òtítọ́ a sì máa sùn lọ,
àwa a sì máa pàdánù.

Ẹjọ́ Kuttan atukọ̀ ló ṣẹ́ ẹ léegun.
Wọ́n ní ó jí ìdì okùn àgbọn mẹ́rin nínú ọkọ̀ olówó.
Kò jí nǹkan kan. Mo mọ̀.
Adájọ́ pàápàá, mo rò pé ó mọ̀.
Ọdún mẹ́ta.
Kuttan bojú wẹ̀yìn, kò wo ọlọ́pàá, ọ̀gá mi ló wò:
"Ẹ ṣé o. Ó ku rúpì mọ́kànlá tí mo jẹ yín."
Ẹ̀wọ̀n ló kú sí, kí òjò ọdún kejì tó dá.

Láti ọjọ́ náà ni Tharakan ti ń jẹun
bí ẹni ń ka ìwé tí kò yé e.
Ó fi ẹ̀wù kọ́ ìṣó. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta.
Annamma ìyàwó rẹ̀ sunkún, àwọn lọ́yà rẹ́rìn-ín.
Ọkùnrin kan ti Kochi wá, ó ń wá ojú
tó lè ṣe adájọ́ láìkọ́ ọ.
"Ojú ọ̀hún rèé," ló wí.

Mo tẹ̀ lé e lọ. Ta ni ì bá ru àpò rẹ̀?
Kóòtù onípáálí, fáànù tí kì í yí.
Wọ́n ní kó dá atukọ̀ kan lẹ́bi.
Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kò jáde.
Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Ní ìgbà kẹtàlá
ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo atukọ̀ ayédèrú náà,
ó ní, "Dárí jì mí,"
èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé.
Wọn ò gé e kúrò.
Òun ni gbogbo Kerala sunkún sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jà ẹja, wọ́n ń kí i ní "Olúwa mi",
wọ́n ń gbé ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ewúrẹ́, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ bá a.
Orí àga ike lójúde rẹ̀ ló ti ń parí wọn.
Kò pàdánù ọ̀kan.
Èyí a máa pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn, kì í pa á.

Lánàá la gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì.
Àwọn gbajúmọ̀ wá, dígí dúdú lójú wọn.
Obìnrin kan dúró lẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí awọ,
ọwọ́ ẹni tí ń lọ́ okùn jẹun.
Ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀,
ó ka owó sí ìdí pósí, rúpì kan, rúpì kan,
títí ó fi pé mọ́kànlá.

Ẹnì kan fẹ́ lé e. Mo ní kó fi í sílẹ̀.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n báyìí,
ṣùgbọ́n ìwé rìsíìtì àtijọ́ ṣì wà lápò mi, ewé mẹ́ta ló kù.
Mo kọ déètì. Mo kọ orúkọ bàbá rẹ̀.
Mo kọ ọ́ pé: a ti gbà á, kò ku nǹkan kan.
Ibi tó yẹ kí lọ́yà fọwọ́ sí, mo fi í sílẹ̀ lófo.
Omi kan bọ́ sí i láti etí agboòrùn.
Ó tó.