Ó Lé, Ó Dín

Ọgọ́rùn-ún rẹsítọ̀ ni mo rà ní Arákàlẹ̀,
lọ́wọ́ ọmọkùnrin tí kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀.
Ìlà kan náà ló wà lára gbogbo wọn:
awọ ilẹ̀, dúdú, awọ ọsàn, wúrà.
Ẹgbàárùn-ún ni wọ́n ń jẹ́.
Mo fi mítà wọ̀n wọ́n:
èyí, ẹgbàárùn-ún ó dín igba,
èyí, ẹgbàárùn-ún ó lé ọgọ́rin,
èyí dín irínwó.
Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ọgbọ̀n ẹ̀rọ ìsàba ni mo ti tà.
Èyí tó wà lórí tábìlì mi kò ṣàṣìṣe rí:
ó bá ti di dígírì méjìdínlógójì, á paná.
Mo ní bí ọ̀kan ti rí ni gbogbo wọn rí,
títí Màmá Fẹhíntọlá fi pè mí láti Òkè-Àró:
“Ọjọ́ kọkànlélógún pé lónìí.
Ẹyin mi ò pa. Ó jinná.”

Ọgọ́ta ẹyin.
Mo tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Kò sóhun tó bàjẹ́ níbẹ̀.
Èyí kàn lé díẹ̀, ìkejì rẹ̀ náà lé díẹ̀,
gbogbo wọn fì sápá kan náà lọ́jọ́ kan náà.

Bàbá mi, Akínmúsùrú, fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n
yẹ kòkó wò ní Oǹdó.
Á ki ọwọ́ bọ àpò láìwò, òkè, àárín, ìdí,
á bu ọ̀ọ́dúnrún hóró,
á fi ọ̀bẹ là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan:
èyí bu, èyí ti ní kòkòrò, èyí dára.
Inú máa ń bí mi sí èyí tó dára tó là dànù.
“Bí n kò bá là á,” ló wí,
“orúkọ tí wọ́n kọ sára àpò nìkan ni mo mọ̀.”

Lóru yìí, mo kọ́ kọ̀ǹpútà níṣẹ́ bàbá mi.
Mo ní kó to ẹ̀rọ náà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, láìfọwọ́ kan irin,
kó máa ki ọwọ́ bọ àpò láìwò,
kó mú èyí tó lé, kó mú èyí tó dín,
kó sọ ibi tí iná yóò ti kú fún mi.
Àmì ń jọ sójú rẹ̀,
wọ́n ga láàárín, wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
bí òkè kan tí a ń wò lókèèrè lọ́nà Ìdànrè.
Ọgọ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ló se ẹyin.

Mo pààrọ̀ rẹsítọ̀ kan ṣoṣo sí olówó gọbọi
(kò tilẹ̀ ní wúrà nídìí).
Ó ku méjì.

Àwọn tó fi oǹkà lé wa lọ́wọ́ ò tan ara wọn jẹ:
ẹẹ́dógún ni ogún tó dín márùn-ún.
Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀bá orúkọ ni nǹkan ń gbé.

Ṣùgbọ́n méjì yẹn,
ilé ta ni wọn yóò wọ̀?
Ilẹ̀ mọ́, mo gba Òkè-Àró lọ
pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun àti ọgọ́ta ẹyin,
ó lé ọ̀kan.